Ìwé Borô àti Tuxinin

Ní ọdún 1914 ni a tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Rio de Janeiro, ní ilẹ̀ Bràsíl, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rã-txa hu-ni-ku-ĩ. João Capistrano de Abreu ni orúkọ tí ó wà ní iwájú rẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn onímọ̀ èdè léèrè nípa ìwé náà, wọn yóò ní ìwé gírámà ni. Bí ẹ bá bi àwọn tí ń wádìí àṣà, wọn yóò ní àkójọ ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Bí ẹ bá sì bi àwọn ará Bràsíl tí wọ́n fẹ́ràn lítíréṣọ̀, wọn yóò ní àká kan ni, níbi tí Mário de Andrade ti lọ bu nǹkan nígbà tí ó ń kọ Macunaíma, èyí tí ó jáde ní 1928. N kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn jà. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnu Capistrano ni ohun tí ó wà nínú ìwé náà ti jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni wọ́n sọ ọ́, Borô ni orúkọ ọ̀kan, Tuxinin ni orúkọ èkejì. Bí iṣẹ́ tiwọn ni mo ṣe kà á, mo sì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ òǹkọ̀wé wò, ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Huni Kuin ni àwọn ènìyàn wọn ń pe ara wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ènìyàn tòótọ́. Kaxinawá tí ayé mọ̀ wọ́n sí, àwọn ẹlòmíràn ni ó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀: kaxi ni àdán, nawa sì ni àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn tí kì í ṣe tiwa. Ilé wọn wà ní ìpínlẹ̀ Acre ní ìwọ̀-oòrùn Bràsíl, àti ní ilẹ̀ Pérù tí ó bá a pààlà, lẹ́bàá àwọn odò bíi Tarauacá, Jordão, Purus àti Curanja. Hãtxa kuin, ọ̀rọ̀ tòótọ́, ni wọ́n ń pe èdè wọn. Hãtxa yìí náà ni Capistrano kọ ní rã-txa. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí èdè tí a ń pè ní Pano, tí Raoul de la Grasserie, ará Faransé, fi hàn ní nǹkan bí ọdún 1890 pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nǹkan bí 30 èdè ni a mọ̀ nínú ẹbí náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti kú, títí kan èdè Pano fúnra rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Shipibo ti ilẹ̀ Pérù ni ó pọ̀ jù. Àwọn tí ń sọ ọ́ lé ní 30,000. Àwọn Huni Kuin náà lé ní 10,000, ṣùgbọ́n iye orí kọ́ ni iye ẹnu. Ní àwọn abúlé kan tí ó súnmọ́ ìlú, èdè Potogí ni àwọn ọmọdé fi ń ṣeré.

Ó yẹ kí a mọ irú àsìkò tí àwọn ọmọkùnrin méjì yìí ti wá. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá rọ́bà kíkankíkan, àwọn oníṣòwò gba orí odò wọ inú igbó Acre lọ, wọ́n sì gbé ìbọn dání. Correria ni wọ́n ń pe ogun tí wọ́n ń kó bá àwọn onílẹ̀: wọn a ká abúlé mọ́, wọn a pa àwọn tí ó lè jà, wọn a sì kó obìnrin àti ọmọdé lọ. Àwọn tí ó ṣẹ́kù di alágbàṣe fún ọ̀gá rọ́bà, nínú gbèsè tí kì í tán bí ó ti wù kí a ṣiṣẹ́ tó. Ní 1903 ni ilẹ̀ Acre di ti Bràsíl nípa àdéhùn Petrópolis. Nítorí náà nígbà tí Borô àti Tuxinin jókòó ní Rio tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ abúlé wọn, ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ìtàn àwọn àgbààgbà ayé ọjọ́un tí ó ti kọjá lọ pátápátá. Ilé tí ogun rọ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ni wọ́n ń ṣàpèjúwe.

Capistrano ní tirẹ̀ kì í ṣe ènìyàn kékeré. Ìpínlẹ̀ Ceará ni a ti bí i ní 1853. Òpìtàn ni, kò gba oyè yunifásítì kankan, síbẹ̀ ìwé rẹ̀ Capítulos de História Colonial, tí ó jáde ní 1907, kò ṣeé fò dá fún ẹni tí ń kọ́ ìtàn Bràsíl. Ó gbọ́ èdè Jámánì, ó sì ti ka iṣẹ́ Karl von den Steinen lórí èdè àwọn Bakairi. Ẹ̀kọ́ tí ó fi ṣe iṣẹ́ ṣe ni pé kí ẹni tí ń kọ́ èdè má kàn máa bèèrè pé kí ni ẹ ń pe imú, kí ni ẹ ń pe etí. Kí ó jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀, kí òun sì máa kọ. Ọ̀nà yìí ni ó sọ ìwé rẹ̀ di ohun tí ó yàtọ̀. Àwọn ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Amẹ́ríkà ti ìgbà náà pọ̀ tí wọn kò ju ojú ewé mẹ́wàá lọ, imú àti etí náà sì ni. Gbólóhùn tí ó wà nínú tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ó sì fi Potogí túmọ̀ rẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo wà níbẹ̀, ẹ̀pà wà níbẹ̀, bí a ti ń kọ́ ilé, bí a ti ń ṣọdẹ, àjọ̀dún, ìgbéyàwó, ikú, iwin, àti ìtàn lóríṣiríṣi.

Bí a bá ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn orí tí ó sọ nípa oko àti oúnjẹ lè sú ènìyàn. Gbólóhùn kúkúrú tẹ̀ lé gbólóhùn kúkúrú: wọ́n ṣán igbó, wọ́n jó o, wọ́n gbìn. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣe yára ṣí i kọjá. Kò sí ẹni tí ó lè to iṣẹ́ oko báyìí láìfo ìgbésẹ̀ kan bí kò ṣe ẹni tí ó ti ṣe é. Bí ẹ bá ní kí ọmọ Ìbàdàn kan tí wọ́n bí sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ bí a ti ń ṣe gàrí, ẹ ó rí ibi tí yóò ti fo. Borô kì í fo. Bí mo ti ń kà á lọ ni mo rí i pé àwọn orí wọ̀nyí ni ilẹ̀ tí àwọn ìtàn dúró lé. Nígbà tí ẹnìkan nínú ìtàn bá wọ oko lọ lẹ́yìn náà, a ti mọ oko náà, a mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ àti ẹni tí ó gbìn ín.

Ìtàn orí tí ó di òṣùpá ni ó gbajúmọ̀ jù, òun náà sì ni ó fi agbára àwọn asọ̀tàn wọ̀nyí hàn jù. Ọkùnrin kan bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá orí náà rí, wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n orí náà kò kú bí ó ti yẹ kí orí kú. Ẹ̀rù ba àwọn tí ó gbé e, wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sá. Orí bẹ̀rẹ̀ sí yí gbirigbiri tẹ̀ lé wọn títí dé ilé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó dúró lóde, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣí i fún òun, wọn kò ṣí i.

Ibi tí ìtàn mìíràn ìbá ti parí ni èyí ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orí náà bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé kí ni kí òun dà. Bí òun bá di ohun jíjẹ, wọn yóò jẹ òun. Bí òun bá di omi, wọn yóò mu òun. Bí òun bá di ilẹ̀, wọn yóò máa rìn lórí òun. Bí ó bá jẹ́ ẹja, wọn yóò pa á. Bí ó bá jẹ́ igi, wọn yóò gé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń kà á lọ, ó ń mú ọ̀kan, ó ń fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kà á lè rẹ́rìn-ín, nítorí àkàtúnkà náà ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí orí náà kọ̀ tí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń lò. Àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni yóò jẹ ẹ́, àwọn náà ni yóò mu ún, àwọn náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Orí náà kò fẹ́ wúlò fún àwọn tí ó lé e. Asọ̀tàn kò sọ gbólóhùn kan pé inú ń bí i. Títo àwọn nǹkan náà tẹ̀ léra ni ó sọ ọ́ fún wa. Nígbà tí ó yá, ó rí ohun kan tí ọwọ́ ènìyàn kò lè tó, ó fi òwú gòkè lọ sí ojú ọ̀run, ó di òṣùpá. Ojú rẹ̀ di ìràwọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di òṣùmàrè. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti ń rí ẹ̀jẹ̀ wọn bí òṣùpá bá lé, tí wọ́n sì ń lóyún.

Fún àwa tí a ń pe ohun kan náà ní nǹkan oṣù, ìparí yìí kò ṣòro láti yé. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí ìtàn náà ti yí padà ní àtubọ̀tán rẹ̀: orí tí kò fẹ́ kí ènìyàn rí nǹkan kan gbà lára òun ni ó wá di orísun ọmọ fún gbogbo wọn. Mário de Andrade mú ìrònú orí yìí wọ inú Macunaíma, ó sì lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ tirẹ̀ ẹ̀fẹ̀ ni ó borí. Ìbànújẹ́ ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ kò wúwo níbẹ̀ bí ó ti wúwo lẹ́nu àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. N kò sọ èyí láti bu òǹkọ̀wé ńlá náà kù. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn kan ń kọ̀wé bí ẹni pé ìtàn náà jẹ́ amọ̀ lásán kí ọwọ́ amọ̀kòkò tó kàn án. Ìkòkò ti wà tẹ́lẹ̀.

Nísisìyí mo fẹ́ wá sí àbùkù ìwé náà. Àwọn onímọ̀ èdè a máa ráhùn nípa ọ̀nà tí Capistrano gbà kọ ìró sílẹ̀. Òótọ́ ni pé kò rọrùn láti kà, ó sì ń fi àmì gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé ilá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dà mí láàmú, nítorí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà lè tún un kọ. Fáwẹ̀lì mẹ́rin péré ni hãtxa kuin ní, ọ̀kan nínú wọn ni kò sì sí ní èdè Potogí. Ẹni tí etí rẹ̀ jẹ́ ti Potogí kò lè ṣe kí ó má wá ọgbọ́n kan dá sí i. Ìtumọ̀ ni ìjà mi. Capistrano to ọ̀rọ̀ Potogí ti ọ̀rọ̀ Huni Kuin lẹ́yọ lẹ́yọ, bí wọ́n ti ń jáde ní ẹnu asọ̀tàn. Èdè tí ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń wà ní ìparí gbólóhùn ni ó ń túmọ̀ sí èdè tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń wà láàrin. Ohun tí ó jáde níbẹ̀ kì í ṣe Potogí tí ẹnikẹ́ni ń sọ, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ akólòlò. Ẹni tí kò gbọ́ hãtxa kuin yóò ka ìtumọ̀ náà, yóò sì rò pé bí Borô ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, pé èdè rẹ̀ kò ní ju egungun lọ. Bí ẹnìkan bá fi irú ọ̀nà yìí túmọ̀ ojú ń tì mí, tí ó fi ojú sí abẹ́ ojú, tí ó sì fi títì bí a ti ń ti ènìyàn lulẹ̀ sí abẹ́ ń tì, ẹ wo irú ẹranko tí a ó dà lójú ẹni tí ó bá kà á!

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun méjì tí ìtumọ̀ náà pàdánù hàn. Èkíní ni èyí. Bí a bá sọ ní Yorùbá pé Adé rí Òjò, ó sì sá lọ, a kò mọ ẹni tí ó sá, bóyá Adé ni tàbí Òjò, àfi bí ìtàn bá là á. Àwọn èdè Pano kì í jẹ́ kí èyí dààmú olùgbọ́. Bí ìṣe kan bá ń tẹ̀ lé òmíràn, ọ̀rọ̀-ìṣe ti ìṣáájú ní ìpẹ̀kun kan tí ó ń kéde bóyá ẹni kan náà ni yóò ṣe èyí tí ó ń bọ̀ tàbí ẹlòmíràn ni. Orúkọ náà ń ràn án lọ́wọ́. Ní hãtxa kuin, orúkọ ẹni tí ó sùn àti orúkọ ẹni tí ó pa ejò kì í rí bákan náà: ẹni tí ó ṣe nǹkan sí ohun mìíràn ni a ń fi ìró àránmúpè sàmì sí ní ìparí orúkọ rẹ̀. Nítorí náà asọ̀tàn lè fi eré sọ ìtàn tí orí ń lé ènìyàn, tí ènìyàn ń sá, tí orí ń bẹ̀bẹ̀, tí ènìyàn ń dákẹ́, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì, olùgbọ́ kò sì ní ṣìnà. Nínú Potogí tí Capistrano tò, gbogbo wọn di ó, ó, ó. Eré náà dúró, òǹkàwé ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, kiaki, tí ó máa ń wà ní ìparí gbólóhùn nínú àwọn ìtàn. Ohun tí ó ń sọ ni pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò rí nǹkan náà, a sọ ọ́ fún un ni. Àwọn Shipibo ní irú rẹ̀, ronki, tí wọ́n fi ń dá ohun tí a gbọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣojú ẹni. Àwa náà ní wọ́n ní, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́ wa bóyá kí a sọ ọ́ tàbí kí a má sọ ọ́. A sì máa ń fi pe ẹlòmíràn ní onírọ́ nígbà mìíràn. Ti Huni Kuin kì í ṣe iyèméjì rárá. Ó ń so asọ̀tàn mọ́ àwọn tí ó sọ ọ́ fún un. Ẹni tí ó bá fi kiaki parí gbólóhùn rẹ̀ ń wí pé ìtàn yìí ní ìran kan lẹ́yìn, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ẹ wò ó pé ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní ìlú òkèèrè, tí kò sí bàbá tàbí ìyá wọn níbẹ̀, ń sọ èyí ní gbólóhùn lé gbólóhùn. Bí olùtúmọ̀ bá kà á sí ìdọ̀tí ẹnu tí ó kàn ń padà wá, ó ti gé wọn kúrò lára àwọn àgbà wọn.

Síbẹ̀ n kò lè dá Capistrano lẹ́bi tán. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi Potogí dídán mọ́rán kọ àwọn ìtàn náà, bí àwọn kan ti ń ṣe ní àsìkò rẹ̀, tí ó ju ọ̀rọ̀ Huni Kuin nù, ìwé tí ó rọrùn láti kà ni ìbá wà lọ́wọ́ wa, a kì bá sì ní ohun kan tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àbùkù ìtumọ̀ rẹ̀ hàn sí wa nítorí pé òun fúnra rẹ̀ tẹ ohun tí ó túmọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́ olóòótọ́ ju òǹkọ̀wé tí ó dáńtọ́ lọ. Ìtẹ̀jáde kejì, ti 1941, tún fi àwọn àtúnṣe tí ó ṣe kún un, pẹ̀lú àyẹ̀wò tí Theodor Koch-Grünberg, ará Jámánì, ti ṣe lórí iṣẹ́ náà. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde, a rí bí ó ti ṣe pàtàkì tó: ní 1951 ni àrùn èéyi wọ àárín àwọn Huni Kuin ti odò Curanja ní Pérù, ó sì pa nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn àgbà wọn. Kenneth Kensinger, tí ó gbé láàrin wọn lẹ́yìn náà, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn àgbà mọ̀ kì í dúró de ẹni tí yóò wá béèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn orúkọ ń bẹ níbẹ̀. Àwa Yorùbá lè má tètè rí ìdí tí ó fi dùn mí, nítorí pé Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tẹ̀ ní 1843. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ mìíràn. Nígbà tí S. W. Koelle ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní Freetown fún Polyglotta Africana, tí ó jáde ní 1854, ó kọ orúkọ àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀, ibi tí wọ́n ti wá àti bí a ti ṣe kó wọn lẹ́rú. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Capistrano kò burú jù ú lọ. Ó dárúkọ Borô àti Tuxinin nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó sì sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó jẹ́ kí orúkọ náà sọnù. Nígbà tí Claude Lévi-Strauss ń yẹ àwọn ìtàn òṣùpá wọ̀nyí wò nínú ìwé rẹ̀ ti 1968 lórí orísun ìwà ìjẹun, Abreu ni ó tọ́ka sí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń ṣe, nítorí orúkọ iwájú ìwé ni òfin ìtọ́kasí mọ̀. Ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún, àwa wá ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé agbọ̀n.

Àbùkù kan tún wà tí kò sí ẹni tí a lè dì í rù. Ìtàn Huni Kuin kì í ṣe ohun tí ènìyàn kan ń sọ fún ènìyàn kan. Ẹni tí ó bá ti pa àlọ́ rí mọ̀ pé bí kò bá sí ẹni tí ń gbe orin, tí kò sí ọmọdé tí ń bèèrè pé kí ló wá ṣẹlẹ̀, àlọ́ náà a máa gbẹ. Borô ń sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ó mú kálámù lọ́wọ́, tí ó ń ní kí ó rọra, kí ó tún un sọ. Mo rò pé ìdí nìyí tí àwọn ìtàn kan nínú ìwé náà fi jọ ẹni tí ń ka ẹrù: èyí ṣẹlẹ̀, èyí ṣẹlẹ̀, ó tán. Ìtàn orí nìkan kọ́ ni ó bọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n òun ni ó bọ́ jù. Ìrònú orí náà ní agbára tó bẹ́ẹ̀ tí ìdákẹ́jẹ́ iyàrá Rio kò lè pa á.

Mo ti ka ìwé mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, Shenipabu Miyui, ìtàn àwọn ará àtijọ́, tí àwọn olùkọ́ Huni Kuin fúnra wọn ṣe, tí ó jáde ní 1995. Ó yẹ kí a mọ bí ó ti wáyé. Ní 1983, ẹgbẹ́ kan ní Acre tí ń jẹ́ Comissão Pró-Índio bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ onílẹ̀ láti di olùkọ́ ní abúlé wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ètò náà ní èdè Potogí túmọ̀ sí ìrírí jíjẹ́ òǹkọ̀wé. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wọn ni kò mọ ìwé kà, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí wọ́n lè yẹ ìṣirò gbèsè ọ̀gá rọ́bà wò. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí lọ bá àgbà, wọ́n gba ìtàn, wọ́n kọ ọ́ ní èdè méjèèjì, wọ́n sì ya àwòrán sí i. Bí mo bá fi í wé ti 1914, gbólóhùn rẹ̀ gùn, ó ń mí. Potogí rẹ̀ jẹ́ Potogí tí ènìyàn ń sọ ní Acre, kì í ṣe ti akólòlò. Ohun kan ṣoṣo tí ti àtijọ́ fi jù ú ni ọ̀pọ̀ yanturu ọ̀rọ̀ oko àti ilé tí kò sí nínú rẹ̀, nítorí àwọn tí ó kọ ti 1995 mọ̀ pé àwọn tí yóò kà á mọ oko. Borô mọ̀ pé ẹni tí ń gbọ́ òun kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí, Joaquim Maná, lọ sí yunifásítì, ó sì gba oyè dókítà ní Brasília ní 2014 pẹ̀lú iṣẹ́ lórí gírámà hãtxa kuin. Ọgọ́rùn-ún ọdún gééré lẹ́yìn ìwé Capistrano nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ èdè rò ó wò díẹ̀. Láti 1914 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fi ìwé Borô jiyàn láàrin ara wọn, tí kò sì sí ọmọ Huni Kuin kan níbẹ̀ tí yóò ní, rárá, ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní abúlé wa. Ní báyìí ó ti wà. Kò sí àní-àní pé ìwé àtijọ́ náà yóò yí padà lójú wa nígbà tí àwọn onílé bá jókòó tì í: àwọn ibi tí a rò pé asọ̀tàn ṣì sọ yóò tọ́, àwọn ibi tí a rò pé ó yé wa yóò sì dojú rú.

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni àtúntẹ̀ rẹ̀ wà, ohun tí n ó bèèrè kò pọ̀. Kí a kọ ọ̀rọ̀ Huni Kuin bí àwọn Huni Kuin ti ń kọ ọ́ lónìí, kí a sì fi bí Capistrano ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ìtumọ̀ ẹlẹ́yọ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kí ìtumọ̀ mìíràn tí ó já gaara wà ní ojú ewé tí ó kọjú sí i, láti ọwọ́ ẹni tí a fi èdè náà tọ́ dàgbà. Kí gbogbo kiaki dúró sí ààyè wọn. Kí orúkọ Borô àti ti Tuxinin wà ní iwájú ìwé, kí ti Capistrano tẹ̀ lé wọn. Ní ti nọ́ńbà, kí ó wà ní etí ìwé, kí ó kúrò láàrin ìtàn, kí orí náà lè máa yí bọ̀ láìdúró.